ÌBỌN WO NI KÍ Á FI ṢỌ́ ILÉ?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

 

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni a ti kọ sílẹ̀ láti bá yín sọ. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń tẹ̀ lé wa láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Bí ìpàdé bá ti parí tí a fẹ́ wọ ọkọ̀, bàbá kan yóò fà wá lápá sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì wí pé: "Akọ̀wé, irú ìbọn ìléwọ́ wo ni ó dára kí ènìyàn rà sí ilé?" Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bi wá, a rò pé àwàdà ni. Nígbà tí ẹni kẹta bi wá, a mọ̀ pé ìbẹ̀rù ti wọ ilé. Nítorí náà a ti pa ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ tì. Ìbéèrè yìí ni a ó dáhùn, ní gbangba, nítorí pé bí àwa kò bá dáhùn rẹ̀ ní ọ̀sán, àwọn tí ń ta ìbọn lóru ni yóò dáhùn rẹ̀ fún yín.

A kò ní fi ìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí ojú ń rí ní ilẹ̀ wa lónìí kì í ṣe àlá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn kọlu ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àtọmọdé àtàgbà, níbi tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run. Ajínigbé ti gbé àgbẹ̀ lórí ebè rẹ̀. Wọ́n ti gba owó ìràpadà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ju kòkó ọdún kan lọ. Ọkùnrin tí ó ní aya àti ọmọ nínú ilé, tí ó dùbúlẹ̀ lóru tí ó ń ronú ohun tí òun yóò fi dáàbò bò wọ́n, ojúṣe rẹ̀ ni ó ń ṣe. Àwa kò bá a wí nítorí pé ó ń ronú. Ohun tí ó fẹ́ rà ni a fẹ́ bá a yẹ̀ wò, kí owó tó jáde ní àpò rẹ̀.

Níbo ni ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ yìí tilẹ̀ ti wá? Àwọn bàbá wa kò fi ìbọn ìléwọ́ ṣọ́ ilé rí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bi wá, àgbẹ̀ kòkó ni, fi ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀ hàn wá. Ọmọ náà ń gbé ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Ó ti gbọ́ ìròyìn ilé, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó ní kí bàbá òun wá ìbọn ìléwọ́ kan tí kò wúwo, tí ó gba ọta púpọ̀, kí ó máa fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Ọmọ rere ni, ìfẹ́ bàbá rẹ̀ ni ó mú un kọ ọ́. Níbi tí ó ń gbé, òfin gbà á láàyè. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, ọdún 2008, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan láàárín olú ìlú wọn, Washington, àti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Heller. Ìlú náà ti fi òfin de ìbọn ìléwọ́; àwọn adájọ́ 5 nínú 9 sọ pé òfin bẹ́ẹ̀ kò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn mu, àti pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti ní i nínú ilé rẹ̀ fún ìdáàbòbò ara rẹ̀.

Adájọ́ Scalia, ẹni tí ó kọ ìdájọ́ náà, tilẹ̀ ka àwọn ìdí tí ènìyàn lè fi yan ìbọn ìléwọ́ ju ìbọn gígùn lọ. Ó ní ó rọrùn láti fi í sí ibi tí ọwọ́ yóò ti tètè tó o nígbà ìjàǹbá. Ó ní ó ṣòro fún olè láti já a gbà. Ó ní ẹni tí apá rẹ̀ kò lágbára tó láti gbé ìbọn gígùn lè lò ó. Ó sì ní ènìyàn lè fi ọwọ́ kan na ìbọn sí olè, kí ó sì fi ọwọ́ kejì pe ọlọ́pàá lórí fóònù.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni wọ̀nyí, fún ilé tí a sọ wọ́n fún. Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á gbé wọn wá sí abúlé.

Ẹ gbọ́ ti ọwọ́ kejì ná, èyí tí ń pe ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ́ àárín òru ní oko wa, ta ni yóò gbé fóònù náà? Ní ibòmíràn ènìyàn níláti gun orí àpáta kí fóònù tó lè mú afẹ́fẹ́. Bí ẹni tí a pè bá tilẹ̀ gbé e, ọ̀nà tí ó jìn tí ó sì bàjẹ́ ni yóò tọ̀, bí ọkọ̀ bá wà, bí epo bá wà nínú ọkọ̀. Ọwọ́ kejì yẹn, lọ́dọ̀ wa, òfìfo ni. Ẹni tí ó na ìbọn sí olè lọ́dọ̀ wa kò ní ẹlòmíràn tí ń bọ̀, àfi bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ bá jí. A ó padà sí ibẹ̀.

Ti ibi tí ọwọ́ yóò ti tètè tó o ńkọ́? Ọwọ́ ta ni? Nínú ilé wa, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń sùn nínú yàrá kan. Ọmọdé ni ó ń tẹ́ ibùsùn bàbá, òun ni ó ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí ọwọ́ bàbá yóò ti tètè tó ìbọn lóru, ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà yóò tètè tó o ní ọ̀sán nígbà tí bàbá wà lóko. Ìbọn ìléwọ́ sì kéré bí ohun ìṣeré. Ọmọ kò lè gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì dúró dáadáa, ṣùgbọ́n yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn ìléwọ́ mú, yóò sì fi àtàǹpàkò fà á.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, oríṣi méjì ni ìbọn ìléwọ́ tí ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni èyí tí ọta rẹ̀ wà nínú irin roboto kan tí ń yí bí a ti ń yìn ín. Ọta 5 tàbí 6 ni ó sábà máa ń gbà. Èkejì ni èyí tí ọta rẹ̀ wà nínú àpótí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń ti bọ inú ibi tí a ti ń di ìbọn mú. Bí ọta kan bá ti jáde, ìbọn náà fúnra rẹ̀ yóò ti òmíràn sí ipò rẹ̀. Èyí ni ọmọ Texas ń sọ, èyí náà sì ni ó ní ẹ̀tàn jù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò yóò yọ àpótí ọta jáde, yóò rò pé ìbọn ti ṣófo, bẹ́ẹ̀ sì ni ọta kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ojú kò rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbọn tí wọ́n sọ pé ó ṣófo ti pa. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọta rẹ̀ kì í dúró lára ohun tí a yìn ín sí. Bí ó bá tàsé olè, yóò gba ara ilẹ̀kùn pákó kọjá, yóò gba ara síílìn kọjá, kò sì ní bèèrè ẹni tí ó sùn sí yàrá kejì.

Ṣùgbọ́n kí á tilẹ̀ sọ pé gbogbo èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ńkọ́?

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún náà, ni ó ṣì ń darí ọ̀rọ̀ ìbọn ní Nàìjíríà. Ó ti pẹ́ jù òmìnira wa lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti ìbọn tí a kà léèwọ̀: àgbá ńlá, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn àwọn ológun. Nínú ẹgbẹ́ yìí gan-an ni òfin kọ orúkọ ìbọn ìléwọ́ sí, gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan èyí tí ń fi òkúta ṣá iná. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín dáadáa: lójú òfin wa, ìbọn kékeré tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí àti ìbọn arọ̀jò-ọta, orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀, bí ó bá wù ú. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìwé yìí, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Òfin kò bi í bóyá ó ti fi pa ènìyàn tàbí kò fi pa ènìyàn. Pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó.

Ọ̀nà kejì ni ti ìbọn tí ará ìlú lè ní bí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá bá fún un ní ìwé àṣẹ: ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí a ń ki ọta bọ̀ láti ìdí, àwọn ìbọn ọdẹ kan, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Bí a bá ka òfin náà bí wọ́n ti kọ ọ́, ìbọn pọ́ńpù tí ń fi ẹ̀rọ ti ọta tuntun bọ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pẹ̀lú ìwé ayédèrú. Ọ̀nà kẹta ni ti ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ ni a ti ń gba ìwé tirẹ̀. Àwọn kan ń wí pé ṣakabùlà kò nílò ìwé nítorí pé alágbẹ̀dẹ wa ni ó rọ ọ́. Irọ́ ni. Òfin ti ka òun náà.

Òfin sì sọ ẹni tí a kò gbọdọ̀ fún ní ìwé: ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. A kò fẹ́ràn gbogbo òfin tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a ó kọ orúkọ àwọn tí kò yẹ kí ó ní ìbọn ní ilé, orúkọ wọ̀nyí náà ni a ó kọ, a ó sì fi ẹni tí inú rẹ̀ ń yára ru kún un.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè àwọn bàbá wa nìyí: nínú gbogbo ìbọn ìléwọ́, kò sí èyí tí ó dára fún ilé yín. Kò sí.

Ó wá ku ìbọn gígùn méjì. Ṣé ẹni tí ó bá gba ìwé àṣẹ, ẹlẹ́nu méjì ni kí ó fẹ́ ni, àbí ṣakabùlà? Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ti kọ́ wa ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbọn tí a ń ki láti ẹnu àti èyí tí a ń ki láti ìdí. Àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ni ó fi irú kejì yìí ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn, ìró ìbọn ni ogun náà sì fi gba orúkọ. Ẹni tí ó ń ki ṣakabùlà níláti da ẹ̀tù sí i, kí ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, kí ó da ọta sí i, kí ó tún kì í, kí ó tó wá fi káàpù sí i. Bí ó bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó di ìgbà tí ó bá tún ṣe gbogbo èyí nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ọwọ́ tí ń gbọ̀n. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn fi ń kì í sílẹ̀, tí wọ́n ń fi í kọ́ sí àjà ní kíkì fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀tù a máa fa omi, ìbọn a sì kọ̀ ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀. Tàbí kí ó má kọ̀ ní ọjọ́ tí a kò nílò rẹ̀, nígbà tí ọmọ bá gùn sí àjà lọ mú àgbàdo. Ojú kò lè rí i bóyá ó wà ní kíkì. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ti ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀ láti fi wọn bí ó ti jìn tó. Àwọn tí a fi páìpù omi rọ ti bú mọ́ olówó wọn lọ́wọ́. Ẹ wo ìka àwọn ọdẹ wa kan, ẹ ó rí ẹ̀rí.

Ẹlẹ́nu méjì wọ́n owó, ìwé rẹ̀ sì ṣòro láti gbà, ṣùgbọ́n ohun kan wà lára rẹ̀ tí àwa kà sí ju ìró méjì tí ó ní lọ. Bí a bá ṣẹ́ ẹ ní àárín, ojú yóò rí ihò méjèèjì gbangba. Bí ọta bá wà níbẹ̀, a ó rí i. Bí kò bá sí, a ó rí òdìkejì. Ìyá ilé tí kò yìn ìbọn rí lè kọ́ èyí ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá bi wá pé èwo nínú méjèèjì ni kí ó wà ní ilé tí ọmọ wà, ẹlẹ́nu méjì ni, ní ṣíṣófo, nítorí ihò méjì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun kan fún yín tí a kò tíì sọ ní ìpàdé rí. Ní ọdún tí olè ń jà ní àdúgbò wa, ẹ̀gbọ́n wa tí ó ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì, tí ìwé rẹ̀ pé, ń gbé ní ilé kan náà pẹ̀lú wa. Ní òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n wa jí, ó mú ìbọn, ó ki ọta méjì bọ̀ ọ́. Àwa mú iná tọ́ọ̀ṣì, a kò sì tàn án, kí olè má baà mọ ibi tí a wà. A ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n wa bèèrè pé, "Ta ni yẹn?" Kò sí ìdáhùn. Ó tún bèèrè. Ìdákẹ́jẹ́ ni. A gbọ́ ohùn irin nígbà tí ó tẹ ohun tí ń dá ìbọn dúró. Ní ìṣẹ́jú náà ni ìyàwó wa ké láti inú yàrá pé, "Ẹ dúró! Ọmọ kan kò sí lórí ẹní!"

Ọmọ wa ọkùnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó jáde lọ tọ̀. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú òkùnkùn, ó rò pé àwa ni olè, ẹ̀rù bà á, kò lè dáhùn. Ó dúró síbẹ̀ ní ẹ̀yìn pákó tí kò nípọn ju ìka méjì lọ. Ẹ̀gbọ́n wa gbé ìbọn sílẹ̀, ó jókòó sí ilẹ̀, kò sì lè dìde títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Títí di òní, bí ó bá wọlé kí wa, òru yẹn ni ó ń padà sí wa lọ́kàn. Kì í ṣe ọ̀mùtí ni ẹ̀gbọ́n wa, ojú rẹ̀ kò fọ́, orí rẹ̀ pé, ìwé rẹ̀ pé. Gbogbo ohun tí òfin bèèrè ni ó ní. Ẹni tí ó ka àwọn ọmọ lórí ẹní ni ó gbà wá.

Àwọn baba wa ti wí pé bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fi ìṣirò dé ibẹ̀. Ní ọdún 1986, Kellermann àti Reay tẹ ìwádìí kan jáde nípa Seattle àti àyíká rẹ̀. Láti 1978 títí di 1983, wọ́n rí ikú ìbọn 398 tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí a ti ń tọ́jú ìbọn. Nínú 398 yìí, 9 péré ni a pa nígbà tí ẹnìkan ń dáàbò bo ara rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀, 2 péré nínú 9 náà ni ó jẹ́ ẹni tí ń fi ipá wọlé. Àwọn tí ó fi ìbọn pa ara wọn jẹ́ 333. Àwọn tí a pa ní ìpa ọ̀daràn jẹ́ 41. Àwọn tí ìbọn ṣèèṣì pa jẹ́ 12.

A kò ní tan yín. Seattle kì í ṣe Oǹdó, ìṣirò náà sì ka òkú nìkan. Olè tí ó rí ìbọn tí ó sá lọ kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo 333 yẹn. Ẹni tí gbèsè ká mọ́, ẹni tí oko rẹ̀ jóná, ẹni tí aya rẹ̀ kú, òru kan wà tí ọkàn rẹ̀ yóò ṣókùnkùn ju òru lọ. Bí òru náà bá kọjá, ó lè gbé ọdún 30 sí i láyé. Ìbọn tí ó wà ní ìtòsí ìrọ̀rí kì í jẹ́ kí òru náà kọjá. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ tún gbọ́ èyí: ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí tẹ ìṣirò mìíràn jáde láti California, nípa àwọn tí kò ní ìbọn fúnra wọn ṣùgbọ́n tí ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ní ìbọn ìléwọ́. Iye àwọn tí a pa nínú wọn ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò sí ìbọn ní ilé wọn lọ. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ọkọ tàbí aya tàbí olólùfẹ́ ni ó pa wọ́n nínú ilé, ó tó ìlọ́po 7, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà bí ọkọ yín bá sọ pé òun fẹ́ ra ìbọn láti fi dáàbò bò yín, ẹ̀tọ́ yín ni láti jókòó sí ibi ìmọ̀ràn náà.

Ẹni tí ó bá ti ní ìbọn tí ìwé rẹ̀ pé, kí ó tọ́jú rẹ̀ báyìí: kí ó yọ ọta kúrò, kí ó fi ìbọn sínú àpótí tí ó ní àgádágodo, kí ó fi ọta sí ibòmíràn tí ó ní àgádágodo tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lára rẹ̀, kì í ṣe lórí ìṣó. Yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mú un lóru, a mọ̀. Ìpẹ́ díẹ̀ yẹn ni ìyàwó wa fi ráyè ka ọmọ.

Ní ti yíyìn rẹ̀, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní Gúúsù Nàìjíríà, ní ẹsẹ̀ 282, gbà kí onílé lo agbára tí ó gbàgbọ́, pẹ̀lú ìdí tí ó mọ́gbọ́n dání, pé ó yẹ láti dá ẹni tí ń fi ipá wọlé láti ṣe ibi dúró. Kò gbà kí á yìn ín sí ẹ̀yìn ẹni tí ń sá lọ pẹ̀lú adìẹ. Kò gbà kí á yìn ín sí ẹni tí a ti mú tí a ti so. Ẹni tí ó bá pa ènìyàn ní òru, adájọ́ ni yóò bi í ní ọ̀sán bí ìdí rẹ̀ ti mọ́gbọ́n dání tó, ẹjọ́ náà sì lè gba oko àti ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Kí ni kí á wá ṣe? A sọ níṣàájú pé ẹni tí yóò gbà wá lóru ni aládùúgbò tí ó jí. Owó tí wọ́n ń pè lé ìbọn ìléwọ́ kan lóru, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ káfíńtà àti wẹ́dà. Ilẹ̀kùn pákó líle tí ó ní ọ̀pá irin méjì ní inú, fèrèsé tí ó ní irin, iná tí ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ajá méjì tí ẹ ń fún ní oúnjẹ: àwọn wọ̀nyí kò nílò ìwé àṣẹ Ààrẹ. Kí ẹ fi irin ọkọ̀ tí ó ti gbó kan kọ́ sí ilé mẹ́rin-mẹ́rin ní abúlé, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí a bá lù ú láìdáwọ́ dúró, gbogbo iná ni kí á tàn, gbogbo ohùn ni kí á gbé sókè. Ìbẹ̀rù olè kì í ṣe ìbọn kan tí ó wà ní yàrá kan. Bí gbogbo abúlé bá jí, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Ní ti ìbọn, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tí a mọ orúkọ wọn, tí wọ́n ń ṣọ́ òru ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, àti lọ́wọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wa ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020. Bí iṣẹ́ wọn kò bá tó ní àdúgbò yín, ẹ pe àwa àti àwọn aṣòfin tí ẹ dìbò fún, kí á lọ bèèrè. Iṣẹ́ wa nìyẹn, ẹ kò sì níláti rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó bèèrè é.

Ní ti ọ̀nà oko, níbi tí ajínigbé ti ń mú ènìyàn jù, ìbọn tí ó wà ní ìrọ̀rí ilé kò lè dé ibẹ̀. Ẹ máa lọ ní ẹgbẹ́, ẹ máa bọ̀ ní ẹgbẹ́, kí ẹni tí ó wà nílé sì mọ wákàtí tí ẹ ó dé.

Nígbà tí a bá túká, akọ̀wé ẹ̀ka yóò dúró níbi tábìlì yìí pẹ̀lú ìwé Òfin 1959. Yóò ka ẹsẹ̀ 3, 4 àti 5 fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ti kọjá ọjọ́, kí ó mú un wá kí á wò ó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìbọn bàbá rẹ tí ó ti dolóògbé ni ó ṣì wà lájà, tí o kò mọ̀ bóyá ó wà ní kíkì, má ṣe fọwọ́ kàn án. Wá sọ fún wa. Àgbà ọdẹ kan yóò bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àwa fúnra wa yóò sì bá ọ dé àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ Ajé.